Delmar Gbé Ìyá Ìyàwó Rẹ̀ Lọ sí Ojú Ogun

Eyín ń dun Corinne, ni ọkọ rẹ̀ Delmar bá di ẹni tó ń gbé ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Arvella, káàkiri etí odò Minisótà níbi tí àwọn Dàkótà, ẹ̀yà tiwọn, ti bá sójà ìjọba jagun láyé àtijọ́. Màmá fẹ́ fi tábà sílẹ̀ fún ìrántí níbi tí ìyá-ńlá ìyá rẹ̀ gbé kí ìjọba tó lé wọn kúrò. Ṣùgbọ́n nínú àṣà wọn, àna ọkùnrin kì í bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í sì í wò ó lójú. Ọ̀wọ̀ ni. Corinne ló máa ń bá wọn jíṣẹ́, àmọ́ ilé ló wà lónìí.

Màmá kọjú sí fèrèsé ọkọ̀. "Fèrèsé, ẹnì kan ti kọjá ibi tó yẹ kó yà."

"Sítíárìn," Delmar ní, "ta ló sọ fún wa pé ká yà?"

"Fèrèsé ti mọ̀ látàárọ̀."

"Sítíárìn, fèrèsé ò sọ fún wa."

Màmá gbé búrẹ́dì díndín síwájú ọkọ̀. "Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́ o. Mo kàn gbé e síbẹ̀ ni."

Delmar jẹ ẹ́. "Sítíárìn, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀."

"Fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ ló dín in."

"Sítíárìn, iyọ̀ rẹ̀ dáa gan-an."

Wọ́n dé ibi òkúta ìrántí. Delmar kà á sókè, kí Màmá lè gbọ́. "Òkúta, o ní ibí ni àwọn sójà ti fi ìwà akin hàn. Tiwa ńkọ́?"

"Òkúta, bóyá tiwa wà lẹ́yìn rẹ."

Delmar yí i po. "Òkúta, ìgbẹ́ ẹyẹ ló wà lẹ́yìn rẹ."

"Kì í ṣe ibí náà ni, òkúta. Ìsàlẹ̀ odò ni, lábẹ́ igi ńlá kan. Ìyá-ńlá gbẹ́ kòtò síbẹ̀, ó kó àgbàdo rẹ̀ pamọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń sá. Ó ní òun ń bọ̀ wá kó o. Wọn ò jẹ́ kó padà."

Ọ̀rọ̀ náà dun Delmar wọra. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò, àmọ́ igi ńlá ló kún ibẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ ibi ìrántí náà sì máa tó ti géètì. Wọ́n wá kòtò náà títí, ó sú Màmá.

"Igi, ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ló bá yíjú, ó ń bọ̀ níwájú Delmar gan-an. Delmar yára fi fìlà bojú, ó ń fi ẹ̀yìn rìn.

"Igi, sọ fún un kó dúró."

"Igi, kí ni wọ́n wí?"

"Igi, kòtò wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Igi, lẹ́yìn ta ni?"

Koríko là, Delmar wọlẹ̀ dé àyà, ó fìdí jókòó.

Màmá yọjú wò ó. Ó wo bí kòtò náà ṣe rí róbótó, ó wo igi ńlá tó ṣíji bò ó. Ẹ̀rín pa á, ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó bu tábà, ó rọra dà á sétí kòtò, ìyókù sì dà lé Delmar lórí.

"Igi," Delmar ní látìsàlẹ̀, fìlà ṣì wà lójú rẹ̀, "bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fà mí jáde."

"Igi, sọ fún ọkọ ọmọ mi kó ní sùúrù. Kó kọ́kọ́ tú ilẹ̀ tó jókòó lé wò, bóyá àgbàdo ìyá-ńlá mi ṣì kù."