Ìkòkò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọjọ́ tí mo tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ní Òkè-Afà ò ní tán lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Sátidé kan ni. Ọkọ mi ti ń ṣàròyé pé yàrá wa ti di ilé ẹrù, mo bá so ìró mọ́dìí gírígírí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nǹkan jáde: bàtà ẹsẹ̀ kan, fáànù tó ti kú, gáùn mẹ́ta tí mo rà lọ́jà Aswani de ìgbà tí mo bá fọn. Mi ò tíì fọn.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo rí ìkòkò ńlá kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì sí nídìí. Àmì Ìyá Mùlíkà nìyẹn, ìyá àgbà tó ń gbé ojúlé kejì sí wa. Kò sí ohun tó ń yáni tí kì í fi ìlà méjì yẹn sí.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ni mo yá a fi se ìrẹsì ìkómọ ọmọ mi. “Ìyàwó, ṣáà bá mi fọ̀ ọ́ kí o tó dá a padà.” Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Nígbà tó wá béèrè, mo ní mo ti dá a padà. Mo tún bínú, mo ní ṣé olè ló ń pè mí ni. Látọjọ́ náà a ò kí ara wa mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló bá mi wẹ ọmọ náà títí ó fi lè jókòó. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an, àmọ́ èmi ni mo gbà pé wọ́n ṣẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n á gbé ìkòkò, á lọ bẹ̀bẹ̀. Èmi pe ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù, mo ní kó gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì tètè máa lọ. Mo dojú ìkòkò náà dé sórí ẹrù rẹ̀ kó má baà ṣubú. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà: ìlà méjì wá ń wo ojú ọ̀run.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ igbe Ìyá Mùlíkà. “Olè rèé o! Ìkòkò mi rèé! Ẹ bá mi dì í mú!”

Nígbà tí mo máa fi yọjú ní géètì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin méjì ti fún ọlọ́mọlanke náà lọ́rùn aṣọ. “I swear, màmá, wọ́n fún mi ni! Àǹtí kan ló fún mi!”

“Àǹtí wo?”

Ẹsẹ̀ mi ní ká wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí fún un, torí ẹni tí wọ́n bá pè lólè ládùúgbò wa kì í ráyè ṣàlàyé.

“Èmi ni,” mo ní, mo kúnlẹ̀ tìgbálẹ̀tìgbálẹ̀. “Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, mà. Ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.”

Àwọn ọkùnrin náà fi í sílẹ̀. Ìyá Mùlíkà gbé ìkòkò, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ìrẹsì tó jóná lọ́jọ́ ìkómọ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti gbẹ kanrangandan.

“Ìyàwó,” ó ní, “ọdún mẹ́rin, o ò tíì fọ̀ ọ́?”

Òun ni ẹ̀rín kọ́kọ́ pa, kó tó pa àwọn yòókù. Mo bẹ ọlọ́mọlanke náà títí ó fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti ìkòkò, mo ń ha á, Ìyá Mùlíkà jókòó tì mí, ó ń béèrè ọmọ tó wẹ̀.

Látìgbà náà, kí n tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó sọ nù, mo máa ń kọ́kọ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oṣù tó kọjá, mo tún lọ yá ìkòkò náà láti fi se ìrẹsì. Ìyá Mùlíkà rẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná rẹ̀.

“Níbí lo ti máa sè é,” ó ní.

Ibẹ̀ náà ni mo ti sè é.