Àwọn Ayálégbé Inú Veikko

Ẹjọ́ kan wọ ààfin wa lánàá, ó sì fẹ́ tú ilé ká. Yàrá ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ní ìlú Kuopio, nílẹ̀ Finland, ni ààfin ọ̀hún; Ìyá Hilkka, alága àwa onílé, lọba ibẹ̀. Wọ́n gúnwà sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ìjòyè méjì dúró tì wọ́n.

Bàbá Urho ló pẹjọ́. "Ìyá Alága, ẹ gbà mí! Ẹ lé Veikko kúrò nínú sáúnà ọkùnrin. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí a bá ti jọ ń làágùn nínú ooru ibẹ̀, ṣe ló ń só!"

Veikko fò dìde. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń wọ sáúnà yẹn! Bí ẹ bá gba Sátidé lọ́wọ́ mi, kí ló kù fún mi láyé?"

"Ṣé o só àbí o ò só?"

"Èmi kọ́, Ìyá. Àwọn kòkòrò inú mi ni."

Ìyá Hilkka ní kó ṣàlàyé.

"Mo pé ọgọ́ta ọdún, mo fẹ́ kí ikùn mi wálẹ̀, ni mo bá ra ìyẹ̀fun faiba tó ń yòrò nínú omi. Kì í dà nínú èèyàn. Ìfun ńlá ló ń lọ, níbi tí àwọn kòkòrò olóore ti ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá yó, wọ́n á tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Èmi kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni!"

"Ṣíbí mélòó?" ni ìjòyè kan bi í.

"Márùn-ún. Ṣíbí ọbẹ̀."

"Kí ni wọ́n kọ sára agolo?"

"Ṣíbí tíì kan, kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí n sì máa mumi dáadáa. Àwọn arúgbó ni wọ́n kọ ìyẹn fún."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ ń wọ sáúnà. Tauno ní, "Ó ń dún bí ìgbà tí yìnyín tó bo adágún bá ń sán. Ṣùgbọ́n kò rùn."

"Irọ́!" ni Reino wí. "Kò dún rárá. Ó kàn ń rùn bíi kábéèjì tó jóná ni!"

"Reino, ṣé o wọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ dé sáúnà?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Tauno, imú tìẹ ń kọ́?"

"Ọ̀fìnkìn ló dí i, Ìyá."

Veikko ké, "Ìsó inú ẹ̀kú, àrámọ́ra ni!"

"Ẹnìkan ló ń wọ ẹ̀kú, Veikko. Èèyàn mẹ́fà ló ń wọ sáúnà." Ìyá Hilkka gbá ẹ̀rọ ìfọṣọ lábàrá. "Mo gbà pé ìwọ kọ́ lo só. A dá ọ sílẹ̀."

Veikko bẹ́ sókè.

"Jókòó! Àwọn ayálégbé inú rẹ ló jẹ̀bi. Sátidé ò kàn wọ́n. Aago márùn-ún àárọ̀ Mọ́ńdè ni kí wọ́n máa wọ sáúnà."

"Ó dáa, kí wọ́n máa lọ!"

"Wọn ò lè ṣílẹ̀kùn. Ìwọ ni o máa sìn wọ́n lọ. Fún wọn ní ṣíbí tíì kan lójúmọ́ títí wọ́n á fi kọ́ ìwà. Ìgbà náà ni ìwọ àtàwọn lè padà sí Sátidé."

Bàbá Urho rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá Alága, ta ló wá máa sọ fún wa pé wọ́n ti kọ́ ìwà?"

"Bàbá Urho, nínú gbogbo ilé yìí, ẹ̀yin nìkan ni etí àti imú yín pé. Aago márùn-ún o. Ẹ má pẹ́."