Bàbá Tírélà Wọ Rífáàsì

Bàbá Tírélà, aládùúgbò mi, kò ṣubú.

Ẹ gbọ́ mi yé: ọṣẹ ló ṣubú. Bàbá ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní pàù! Bàbá wo ọṣẹ nílẹ̀ títí, ó rò ó pé òun gan-an ì bá wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti jókòó sórí àga. Oṣù méje.

Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún wa tírélà! Bó bá fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà báyìí, á di ògiri mú, á di tábìlì mú, á di èmi náà mú.

Ni ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà bá mú nọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà wà níbẹ̀.

"Bàbá, bí ẹ bá lè dá rìn lójú nọ́ọ̀sì yìí, ẹ máa gbé ilé yín. Bí ẹ ò bá lè rìn, ọ̀dọ̀ mi là ń lọ lónìí."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ni. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tó bá gun àtẹ̀gùn yẹn, inú pósí ló máa wà bó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá wojú mi. Mo wo àjà.

Nọ́ọ̀sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí àga.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ rìn dé ìlà yìí, ẹ yí padà, ẹ wá jókòó. Kó má ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má bẹ̀rù."

"Ẹ̀rù? Èmi?" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìdérí ìkòkò tó ń hó.

Nọ́ọ̀sì tẹ aago tó gbé kọ́rùn. Bàbá dìde. Gẹ́rẹ́. Gẹ́rẹ́. Gẹ́rẹ́. Ó rìn! Ó dé orí ìlà, ó dúró.

Kò yí.

"Bàbá, ẹ yí padà!"

"Yí síbo? Tábìlì lọ́tùn-ún, tẹlifíṣọ̀n lósì. Ta ló ń yí tírélà níbi tó fún báyìí?"

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó jókòó sórí àga bàbá, ó gbé ìwé lé itan, ó fẹ́ kọ ọ́ pé bàbá ti fìdí rẹmi.

Àfi bí ìyàwó bàbá ṣe yọ láti ilé ìdáná, tí omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wọ rífáàsì! Mo wà lẹ́yìn yín!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ogójì ọdún ni ìyá yìí fi ń darí tírélà wọ ọgbà. Táyà nìkan ló ń wò. Kì í wo nǹkan mìíràn láyé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fẹ́ǹsì mi ti wó, táyà ò sì họ rí.

Ìyá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ bàbá.

"Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀! Ẹ kọ́ ọ sọ́tùn-ún díẹ̀! Ẹ nà án! Ẹ máa bọ̀!"

Bàbá ń fẹ̀yìn rìn bọ̀. Kò di ògiri mú. Kò di ẹnikẹ́ni mú. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá, mo wà níbí o!" Nọ́ọ̀sì ló ń ké.

"Dákẹ́, má dà mí láàmú! Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀... ẹ sọ ọ́ kalẹ̀!"

GBÀÀÀÀ!

Bàbá jókòó rèǹtè. Nọ́ọ̀sì yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ àga, ó di ilẹ̀, pẹ̀ẹ́! Bírò ń yí lọ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí kú. Mo fajú ro bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó láti òkè. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń wá lẹ́yìn ọkọ̀?"

Ọmọbìnrin bàbá sáré wo aago ọrùn nọ́ọ̀sì. "Sẹ́kọ́ńdù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Ṣé wọ́n yege ni?"

"Wọ́n yege," ni nọ́ọ̀sì wí láti ilẹ̀. "Ẹ fi wọ́n sílé wọn."

"Ó dáa, mú ọwọ́ wá," ni bàbá wí, "kí n fà ọ́ dìde."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀ mú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí o! Níbi tí mo wà yìí, kò síbi tí mo tún lè ṣubú sí mọ́."