Ìṣirò Ọ̀gá Títì lórí Bàálù

Ìyá Aránṣọ ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, tí àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Títì, wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì níwájú máàpù ara ògiri. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ọ̀nà láti pápákọ̀ òfurufú tí ọmọ wọn ti gbéra dé èyí tí yóò balẹ̀ sí. Ọdún méje ni wọn kò ti fojú kan ọmọ náà. Ọmọ ti sọ lórí fóònù pé bí òun bá ti jáde ní pápákọ̀, ojú ìyá òun ni kí òun kọ́kọ́ rí.

"Baálé mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wákàtí mẹ́fà ni ọmọ pè é, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n sì ti gbéra."

"Ta ló ní wákàtí mẹ́fà? Ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì rèé. Nígbà tí mo ń wakọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rin ẹyọ kan."

"Òkè ni tiwọn ń gbà."

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kì í sáré lórí òkè."

Ó wá ṣàlàyé fún un pé awakọ̀ tó bá kọ́ṣẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ dúró jẹun, kó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ìyá bi í léèrè ibi tí bàálù yóò dúró sí lókè lọ́hùn-ún.

"Inú ìkùukùu ni. Àbí o rò pé lásán ló ń dúró lójú kan?"

Ó kù díẹ̀ kí ìyá gbà á gbọ́, èyí sì bí i nínú.

"Àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ńkọ́?"

"Ìwọ náà ti ń gbọ́n. Mo ti fi tiwọn kún un."

Ìyá fa téèpù yọ nínú báàgì, ó nà án sórí máàpù. "Kò tó ìwọ̀n ọrùn ọwọ́ èèyàn. Ọ̀nà náà sì tọ́. Mi ò rí ẹyẹ tó ń ya kọ́nà rí."

"O ò sì rí ẹyẹ tó gbé ẹrù rí. Òkun lò ń wọ̀n, ìyá ọmọ mi, kì í ṣe yẹ̀rì."

Ó dájọ́: bí bàálù tilẹ̀ yára ju akẹ́rù lọ, kò lè dé ṣáájú ọ̀la. Ìyá jókòó, ṣùgbọ́n kò bọ́ bàtà.

"Bí a bá pẹ́ ńkọ́?"

"Èmi? Mi ò pẹ́ gbé ẹrù rí."

Oòrùn ti yẹ àtàrí nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọmọ wọn ló dúró níta, àpótí rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní òun dúró títí gbogbo ẹni tí wọ́n wá pàdé fi lọ tán, kí òun tó wọ takisí. Ìyá dì mọ́ ọn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ojú onítakisí ni ọmọ mi kọ́kọ́ rí."

Ọ̀gá Títì wo ọmọ, ó wo aago, ó wo máàpù, ó sì mi orí.

"Ká dúpẹ́ pé ó tilẹ̀ gúnlẹ̀ láàyè. Eré àsápajúdé ni ẹni tó wa bàálù yẹn sá wá. Kò tilẹ̀ dúró jẹun lọ́nà."