Jeppe Tí Kì í Sùn

Bí ìgbéraga bá ń múni sanra ni, Palle Ravnsgård kì bá lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá mọ́. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ adójútòfò Ravnsgård, ní ìlú kékeré kan létí òkun, ní agbègbè Jutland nílẹ̀ Òyìnbó: Palle Ọ̀gá-pátápátá, ọmọ-ọmọ Jeppe-tí-kì-í-sùn. "Ravnsgård kì í sùn" ni wọ́n kọ sára gbogbo ìwé ibẹ̀, títí dórí ife kọfí.

Ilé-iṣẹ́ náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Olórí ìlú ti ṣèlérí pé orúkọ olùdásílẹ̀ ni òun yóò fi pe òpópónà etí èbúté, Palle sì ti pinnu pé Jeppe nìkan ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Orin ló kù. Ní ìlú náà, ayẹyẹ tí kò lórin tirẹ̀ kì í ṣe ayẹyẹ: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, gbogbo àlejò á kọ ọ́ dópin, ẹni tó bá sì dákẹ́ lágbedeméjì ti tẹ́. Àǹtí Gertrud, àbíkẹ́yìn Jeppe, ló máa ń kọ orin fún gbogbo ìlú.

"Àǹtí, ẹ yin Jeppe dáadáa," ni Palle wí. "Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ìyàwó wọn, Màmá Maren. Kọfí lásán ni wọ́n ń sè."

"Kọfí ni ìyá mi ń sè?"

"Kọfí náà dùn, Àǹtí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àǹtí wọra, ṣùgbọ́n ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tó mú orin dé, Palle ka ẹsẹ kìíní, ó rí orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ohùn Palle ló ga jù nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n dé ẹsẹ kẹta:

"Jeppe ń fi ìkòkò mu tábà nínú abà, oorun gbé e lọ;
Abà jó, koríko jó, Jeppe fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.
Maren ló kó ará àdúgbò jọ, ó ní:
Ẹ jẹ́ ká máa dáwó, ọkọ mi tún lè sùn."

Ẹnu Palle ti kọ ọ́ tán kí etí rẹ̀ tó gbọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ti Palle lo ọgọ́rùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi orin pàdé òótọ́. Ẹsẹ mẹ́rin ṣì kù. Ó dúró, ó kọ gbogbo rẹ̀.

Olórí ìlú nu omijé ẹ̀rín, ó ní olùdásílẹ̀ gan-an ti hàn, ó kéde Òpópónà Maren.

Palle sáré ṣí aṣọ lójú àwòrán Jeppe tí ó ti gbé síwájú gbọ̀ngàn, bóyá ìyẹn á gbà á sílẹ̀. Jeppe jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò tábà lẹ́nu, èyí tí Palle ní kí ayàwòrán fi sí i kí bàbá àgbà lè jọ ọlọ́gbọ́n. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi wúrà kọ ọ́ sí: KÌ Í SÙN.

"Ó jọ bàbá mi o, Palle," ni Àǹtí Gertrud wí. "Ìkòkò ọjọ́ yẹn gan-an nìyẹn."