Dókítà Tó Kó Àkèré Lọ Sórí Yìnyín

Ẹ bá mi kí Dókítà Evelio Umaña, Mo-mọ̀-ọ́n-tán ọmọ Mo-gbọ́n-jù-yín-lọ, ọkùnrin tó ń fi òróró pa irun tó sì ń fi orí sílẹ̀. Ní yunifásítì wa níbí ní Sarapiquí, ní Kosta Ríkà, tí o bá kí i ní "don Evelio", ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Evelio lásán, kò ní dá ọ lóhùn.

Ẹ̀kọ́ tuntun la fẹ́ dá sílẹ̀, tí yóò kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹranko àti ewéko. Yorleny Brenes, olùkọ́ onígbà díẹ̀, ló kọ ètò ẹ̀kọ́ náà. Bí ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀ láti San José, olú-ìlú wa, bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ rẹ̀ á fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ó padà sídìí kọfí ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Dókítà, tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ka ètò náà, ó sì yọ ẹ̀kọ́ kan kúrò: bí a ṣe ń wá àṣìṣe inú àkọsílẹ̀ ká tó gbà á gbọ́.

"Yorleny, iṣẹ́ agbálẹ̀ nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé kì í gbálẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, òun gan-an ni ìpìlẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?"

"Ìtàn ìgbésí ayé mi. Apá kìíní dé ìkẹrin."

Ó tún ní òun fúnra òun ni yóò ya àwòrán ilẹ̀ tí a máa fi han ìgbìmọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í múni lọ. Ti Dókítà jìnnà ju oko olówó lọ.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ dé, òjò ọ̀sán rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀. Dókítà dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Èmi nìkan ni mo ṣe àwòrán yìí. Ibi tí gbogbo àkèré Sarapiquí ń gbé nìyí."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Àwòrán ayé yọ lára ògiri. Kò sí àkèré kan ní Kosta Ríkà. Gbogbo wọn ṣùpọ̀ sí ìsàlẹ̀ ayé, lórí yìnyín Àntákítíkà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nọ́ńbà méjì ló ń júwe ibi tí a ti rí ẹranko. Dókítà fi ti ẹ̀yìn síwájú, ó fi ti iwájú sẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tiwa, orí yìnyín ló ń bá ara rẹ̀. Ohun tí ẹ̀kọ́ tó yọ ì bá ti kọ́ ọ nìyẹn.

Doña Hannia Quesada, olórí ìgbìmọ̀, wọ awò ojú rẹ̀. "Dókítà, ṣé kò sí àṣìṣe níbẹ̀?"

Ì bá sọ pé ó wà, kó bọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Àṣìṣe kẹ̀? Àwárí tuntun ni, Màmá. Wọ́n ti kó lọ síbi tó tutù."

"Ta ló rí wọn níbẹ̀?"

"Èmi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi mú wọn."

"Kí ni wọ́n ń jẹ lórí yìnyín?"

Dókítà wo òkè àjà. "Wọ́n ń gbààwẹ̀."

Ibi tí a ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra ni àkèré kan ti ké nínú gọ́tà lẹ́yìn fèrèsé. Òmíràn dá a lóhùn. Kò pẹ́, gbogbo gọ́tà ń pariwo.

Doña Hannia yíjú sí fèrèsé. "Dókítà, ẹ ní kí wọ́n wọlé o. Ọ̀nà jìn, òtútù á ti mú wọn."

Gbọ̀ngàn dàrú. Mo da kọfí sára ṣòkòtò mi, kò sì dùn mí. Dókítà sáré lọ fa wáyà yọ kó lè pa àwòrán náà, ṣùgbọ́n wáyà iná gbọ̀ngàn ló fà. Òkùnkùn ṣú, Àntákítíkà wá mọ́lẹ̀ rekete.

"Ṣé ètò yín ò ní ẹ̀kọ́ wíwá àṣìṣe ni?" Doña Hannia bèèrè nínú òkùnkùn.

"Ó ní i tẹ́lẹ̀, Màmá," Yorleny dáhùn. "Dókítà ló yọ ọ́."

"Dá a padà, a ó fọwọ́ sí i. Ìwọ ni wàá máa kọ́ wọn. Dókítà náà á jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kó tó tún fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà wa."

Wọ́n tan iná. Dókítà ṣì di wáyà mú. Yorleny ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba fún un.

"Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ dé."