Ọkọ̀ Tó Fẹ́ Dákẹ́ Fún Bàbá Ìyàwó

Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ni, ọ̀sán gangan. Ọkọ̀ pupa kan tí wọ́n fi okùn fà wá wà lórí jáàkì. Wẹ́dà wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì nìkan ló yọ síta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ọkọ̀, tó wọ ṣòkòtò funfun báláú wá sí irú ibi yẹn, ló ń bá ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀.

ỌLỌ́KỌ̀: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó o pọ̀ o. Bóòtù ni mo ní kẹ́ ẹ fi dè é.

WẸ́DÀ: Mo ti gbọ́. Àtàárọ̀ ni bóòtù, bóòtù. Ìwọ lo bí bóòtù ni?

ỌLỌ́KỌ̀: Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ kó ṣeé tú ni.

WẸ́DÀ: Ó máa ṣeé tú. Irin pẹlẹbẹ kan ti wà lẹ́nu páìpù ẹ́sọ́ọ̀sì níbí, ìkejì ẹ̀ wà lẹ́nu sàlẹ́ńsà tó ń gbé ariwo mì. Kí n tó jó wọn mọ́ ibi tí wọ́n wà, mo kọ́kọ́ fi bóòtù de àwọn méjèèjì pọ̀, kí iná má baà wọ́ wọn. Mo wá fi gásíkẹ́ẹ̀tì sáàárín kí èéfín má yọ. Tó o bá fún bóòtù yìí pa, ọkọ̀ ẹ á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Tó o bá wá tú sàlẹ́ńsà kúrò...

ỌLỌ́KỌ̀: Á di kìnnìún!

WẸ́DÀ: Á di wèrè. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí èèyàn ń fi nǹkan tó ń tú ṣe. Tí mo bá jó nǹkan, ó jó náà nìyẹn. Mo jó géètì kan fún wọn ládùúgbò yìí, ilé ti wó, géètì ṣì wà ní títì.

ỌLỌ́KỌ̀: Ìyẹn géètì, Bàbá. Tèmi yàtọ̀. Ìrọ̀lẹ́ òní ni mò ń lọ fojú kan bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Bàbá yẹn kórìíra ariwo ọkọ̀ bí nǹkan míì. Tí ọkọ̀ mi bá fi lè húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ́nrẹ́n, ó tán, mi ò rí ìyàwó fẹ́ mọ́.

WẸ́DÀ: Bàbá gidi nìyẹn. Jẹ́ ká ṣe é kíá, èmi náà ń retí àlejò nírọ̀lẹ́, mo fẹ́ tètè lọ wẹ̀.

ỌLỌ́KỌ̀: Ẹ gbọ́ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Tó bá kù díẹ̀ kí n dé ilé wọn, màá dúró, màá de sàlẹ́ńsà mọ́ ọn. Màá wá rọra wọlé, fúúú, bí ológbò. “Ẹ káalẹ́, sà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà, sà?” Tí mo bá ti jáde, tí mo yà ní kọ̀ọ̀nà, mo tú u: GBÙRÙRÙRÙRÙ! GBÀ! GBÀGBÀ! GBÀ!

WẸ́DÀ: Yéè, etí mi o! Ẹnu lásán nìyẹn?

ỌLỌ́KỌ̀: Ẹnu lásán ni. Ọkọ̀ gan-an jù bẹ́ẹ̀ lọ.

WẸ́DÀ: Bàbá ọmọ ò wá ní fura?

ỌLỌ́KỌ̀: Àwọn wo? Ọ̀mùtí ni wọ́n.

WẸ́DÀ: Áà. Ọmọ wọn ló sọ bẹ́ẹ̀?

ỌLỌ́KỌ̀: Kò là á mọ́lẹ̀, ọgbọ́n orí mi ni mo fi mọ̀. Ó ní tí bàbá òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, ojú wọn á pọ́n kankan, á máa ṣomi, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má tanná sí àwọn lójú. Kí ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kì í ṣe ọtí?



WẸ́DÀ: Oríṣiríṣi iṣẹ́ ló wà láyé o.

ỌLỌ́KỌ̀: Iṣẹ́ ọtí mímu ni tiwọn!

WẸ́DÀ: Hẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ náà wá ńkọ́? Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé o ti dé, nígbà tí o ò lè wọlé?

ỌLỌ́KỌ̀: (ó ń rẹ́rìn-ín) Fèrè ọkọ̀ ni! Láti kọ̀ọ̀nà lọ́hùn-ún ni mo ti máa fọn ọ́n: Pín! Pín-pín! Pááááá-pín!

(Sípánà já bọ́ lọ́wọ́ wẹ́dà lábẹ́ ọkọ̀, gbanran.)

WẸ́DÀ: Tún fọn.

ỌLỌ́KỌ̀: Pín! Pín-pín! Pááááá-pín! Ó dùn, àbí? Tó bá ti gbọ́ ọ báyìí, á gbé garawa ìdọ̀tí, á ní òun ń lọ dà á nù.

WẸ́DÀ: Ẹ wò ó o! Mo ṣáà ń rò ó, ibo ni ìdọ̀tí tó pọ̀ tó yẹn ti ń wá?

ỌLỌ́KỌ̀: Kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀ kẹ̀! Lọ́jọ́ kan, irọ̀rí ló kì sínú garawa. Bàbá yẹn tún ń yìn ín pé ó mọ́tótó!

WẸ́DÀ: Wọ́n yìn ín lóòótọ́. Wọ́n tiẹ̀ ra bàtà fún un.

ỌLỌ́KỌ̀: Ẹ̀n-ẹ́n! Bàtà aláwọ̀ ewé! Ta ló sọ fún yín?

(Iná bùlúù tàn lábẹ́ ọkọ̀: ṣààààà! Tá-tá-tá!)

ỌLỌ́KỌ̀: Bàbá! Iná kí nìyẹn?

WẸ́DÀ: Mò ń jó nọ́ọ̀tì mọ́ bóòtù.

ỌLỌ́KỌ̀: Háà! A ní kó ṣeé tú ni o!

WẸ́DÀ: Ìwọ lo ní bẹ́ẹ̀.

ỌLỌ́KỌ̀: Ẹ dúró! Sípánà kankan ò ní lè tú u mọ́ láyé!

WẸ́DÀ: Sípánà kẹ̀? Kí ọkọ̀ yìí jẹrà tán, sàlẹ́ńsà á ṣì wà níbẹ̀.

(Iná kú. Wẹ́dà wọ́ jáde, ó dìde, ó bọ́ awò dúdú. Ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n kankan, ó ń ṣomi.)

WẸ́DÀ: Sún mọ́ mi. Ṣé o gbóòórùn ọtí?

(Ọlọ́kọ̀ wo ojú yẹn. Ó wo irinṣẹ́ tí wẹ́dà fi ń jórin. Ó tún wo ojú yẹn. Ó fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ṣòkòtò funfun jókòó sínú ọ́ìlì.)

ỌLỌ́KỌ̀: Bà... Bàbá... sà... Dádì...

WẸ́DÀ: Má tíì pè mí ní Dádì. Ọmọ mi yẹn, ṣé bóòtù lo fẹ́ fi dè é mọ́ra, tó o bá dé kọ̀ọ̀nà kó o tú u?

ỌLỌ́KỌ̀: Rárá o, sà! Ẹ jó wa pọ̀ ni, sà! Ẹ jó o yípo! Ẹ má fi ibi kankan sílẹ̀!

WẸ́DÀ: Hùn.

ỌLỌ́KỌ̀: Ṣé... ṣé kí n ṣì máa bọ̀ nírọ̀lẹ́, sà?

WẸ́DÀ: Máa bọ̀.

ỌLỌ́KỌ̀: Ẹ ṣé, sà! Màá rọra wakọ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ ọ...

WẸ́DÀ: Fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbí. Ẹsẹ̀ ni kó o fi rìn wá. Mo ti mọ bí ọkọ̀ ẹ ṣe ń dún. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.